Ṣé Kòrónà tiẹ̀ dé Èkìtì rárá, àbí òkìkí lásán ni?

ÌBÉÈRÈ, LÁTI ADÓ:

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lánàá ní ṣọ́ọ̀bù fọganáísà, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n na ara wọn. Bàbá kan ní kò sí ohun tó ń jẹ́ Kòrónà ní Èkìtì yìí, irọ́ ìjọba ni, wọ́n kàn ti ọjà mọ́ wa lójú lásán, ó ní kí ẹni tó bá mọ ẹyọ ènìyàn kan tí Kòrónà pa nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Èmi náà ò nawọ́, torí mi ò mọ ẹnì kankan. Àmọ́ bí ọjà bá wọ́n, wọ́n á ní Kòrónà ni, bí ọmọ ò bá mọ̀wé, Kòrónà ni, ọkùnrin tí ò rówó ilé san náà á ní Kòrónà ni. Èwo lèwo? Ẹ má bú mi o, mo kàn ń bèèrè ni.

* * *

Ẹ ò jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó máa bú yín. Télọ̀ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́, aṣọ obìnrin ni mò ń rán, aṣọ ẹbí ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, torí náà iṣẹ́ mi ni n ó fi dáhùn, ẹni tó bá jẹ́ dókítà kó fi tiẹ̀ dáhùn.

Bàbá tó ní kí ẹ nawọ́ sókè yẹn, kí ló dé tó jẹ́ òkú nìkan ló ń kà? Ìparí oṣù kẹta 2020 tí wọ́n ní kónílé ó gbélé, ìgbéyàwó mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi. Ọ̀kan nínú wọn, Sátidé Àjíǹde ló yẹ kó wáyé, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, léèsì aláwọ̀ ewé, aṣọ ènìyàn 37. Mo ti gé 21, mo ti rán 9. Ìyàwó pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kéde, mo rò pé aṣọ ló fẹ́ bèèrè, àṣé àsansílẹ̀ ló fẹ́ kí n dá padà. Àsansílẹ̀ wo? Èyí tó ti di líníìnì àti síìpù, tí ìyókù ẹ̀ ti di owó ṣọ́ọ̀bù! A pariwo mọ́ra wa lórí fóònù títí kírẹ́díìtì ẹ̀ fi tán. Ọmọ dáadáa ni o, ó kàn jẹ́ pé òtẹ́ẹ̀lì ni àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, wọ́n sì ti ní kó máa lọ sílé ná, kò sí àlejò mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn, Kòrónà ò tíì mú ẹnì kankan ládùúgbò mi o. Àmọ́ ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní Wuhan nílẹ̀ Ṣáínà lópin 2019 ti lé àlejò kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó, ó ti da ìgbéyàwó rú ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọmọṣẹ́ mi mẹ́rin sì ti jókòó sílé, kò séyìí tó wúkọ́ nínú wọn.

* * *

Mo rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ pé "àrùn olówó ni, àrùn àwọn tó ń wọ bàálù". Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọ́ nígbà yẹn. Òótọ́ ni pé ará Ítálì tó wọ bàálù wá s'Ékòó ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kéde ní Nàìjíríà, ọjọ́ 27 oṣù kejì 2020. Ṣùgbọ́n àrùn tó bá wọ bàálù dé, tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán, dáńfó ló ń wọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kéde ní Èkìtì tiwa níbí, nínú oṣù kẹta ọdún yẹn, ṣé ọ̀gá ni? Dírẹ́bà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ fún ará Amẹ́ríkà kan, tí ará Amẹ́ríkà náà sì kú. Nígbà tó di oṣù keje, gómìnà wa nígbà náà, Fáyẹmí, kéde pé òun náà ti ní in. Ó mú dírẹ́bà, ó mú gómìnà, ẹ wá sọ fún mi bóyá ti olówó ni àbí ti tálákà.

Àwọn tó ní oòrùn ilẹ̀ wa ló pa á, tàbí orógbó, tàbí ata ọbẹ̀ wa, mi ò bá yín jà, èmi náà mu àgbo, mo fi aṣọ borí mo fa ooru omi gbígbóná tí wọ́n já ewé lẹ́mọ́ọ̀nù sí, ó là mí nímú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó lọ ń gbé kulorokúìn mì nítorí pé Ààrẹ Amẹ́ríkà yìn ín lórí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Àwọn kan dèrò ọsibítù l'Ékòó torí ẹ̀. Ohun tó jọ òótọ́ létí mi jù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ní Ítálì, bí ẹ bá to gbogbo wọn lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó bá bọ́ sáàárín ti lé ní ọdún 45. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá bọ́ sáàárín, bí ọmọ ọdún 18 ni. Àwọn arúgbó ni àrùn yìí sì ń dojú kọ jù. Ọmọdé pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohun tó yọ wá nìyẹn, kì í ṣe ata.

Ẹ̀kejì, kí ẹ tó sọ pé kò sí, ta ló yẹ̀ yín wò? Nígbà tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin lọ́dún 2020, ní Èkó àti Enugu, nínú èèyàn 100, bíi 23 ni ara wọn ti bá àrùn náà pàdé rí. Mẹ́tàlélógún! Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀, wọ́n á ti rò pé ibà ni, wọ́n á ti lo oògùn ibà. Iye òkú tí Nàìjíríà kéde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ò ju 3,155 lọ. Káàkiri àgbáyé, èyí tí wọ́n kéde tó mílíọ̀nù 7, Amẹ́ríkà nìkan ju mílíọ̀nù kan lọ. Àmọ́ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tún gba ọ̀nà mìíràn kà á, wọ́n wo iye ènìyàn tó máa ń kú tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n wá wo iye tó kú ní 2020 àti 2021, èyí tó fi lé sún mọ́ mílíọ̀nù 15. Ẹ wá wo tiwa. Bí àgbàlagbà bá kú sílé ní Ìkẹ́rẹ́, ta là ń sáré lọ sọ fún? Káfíńtà.

Ẹni tó bá sì ní kòkòrò yẹn ò sí rárá, kó wọ mọ́tò lọ sí Ẹdẹ, kò jìnnà. Yunifásítì Redeemer's tó wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti tú àbùdá kòkòrò náà wò látòkèdélẹ̀, èyí tí wọ́n rí lára ará Ítálì yẹn, nínú oṣù kẹta 2020. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, kí ni wọ́n ń tú?

* * *

Ọ̀rọ̀ máàsìkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú máàsìkì, ẹ rọra, òun ló bọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde láì bo imú, gbogbo àjákù áńkárá tí mo ti ń dà sínú àpò láti ọjọ́ yìí, tí mo fẹ́ fi kún ìrọ̀rí, mo dà á sílẹ̀. Ẹ ó gé e ní íǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́fà, ẹ ó fi aṣọ funfun sínú, ẹ ó ká a ní ìlẹ́po mẹ́ta kó lè la ẹnu níwájú, ẹ ó wá ki wáyà tín-ín-rín bọ̀ ọ́ lókè ibi tó máa jókòó lé imú. Wáyà wo? Èyí tí wọ́n fi ń di ẹnu ọ̀rá búrẹ́dì ni. Ọmọ mi ń lọ káàkiri àdúgbò ó ń ṣa á. Ọjọ́ tí iná bá wà, mo lè rán 60, ọjọ́ tí kò bá sí, ẹlẹ́sẹ̀ ni.

Rọ́bà tó ń fa etí ló wá di wàhálà. Ṣáínà ló ti ń wá, Ṣáínà ti fàbíríkì, ọkọ̀ ojú omi ń falẹ̀, Àkúrẹ́ tí mo ti ń rà á, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ, wọ́n ti dí ọ̀nà. Èyí tó kù ní Ọjà Ọba Adó di ìlọ́po mẹ́ta iye tí mò ń rà á. Ìgbà tó yá mo pa rọ́bà tì, mo ń fi okùn áńkárá sí i kí wọ́n máa so ó lẹ́yìn orí, àwọn obìnrin tó wé gèlè sì ń bú mi.

Ẹnì kan béèrè pé mélòó ni mo jèrè. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kan ẹnì kankan jàre.

Ṣé ó wúlò? Èmi mọ̀ pé áńkárá kì í ṣe ti ọsibítù, ó lè dín nǹkan kù, kò lè dí i tán. Ohun tó bà á jẹ́ ni ọwọ́ tí a fi mú un. Àgbọ̀n ni ọ̀pọ̀ fi ń wọ̀ ọ́. Mo fojú mi rí i lẹ́nu ọ̀nà báńkì kan, gáàdì ò jẹ́ kéèyàn wọlé láì bo imú, ọmọkùnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń fi máàsìkì ẹyọ kan háyà fúnni ní ₦50, ẹ wọ̀ ọ́ wọlé, ẹ gba owó yín, ẹ jáde, ẹ bọ́ ọ fún un, ẹni tó kàn a sì wọ̀ ọ́! Máàsìkì kan náà, láti àárọ̀. Mo wò ó dáadáa, èmi ni mo rán an.

* * *

Mo ti fẹ́ sinmi o, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ pé "kí ni ti òyìnbó kàn wá" ló tún dá mi padà.

Bàbá mi kú nínú oṣù karùn-ún 2020. Kì í ṣe Kòrónà, rọpárọsẹ̀ ni, ó ti tó ọdún méjì tó ti dùbúlẹ̀. Ọdún 81 ni. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, ẹ mọ bí a ṣe ń sin ẹni ọdún 81. Màlúù, ilù, iyán tó máa tó gbogbo àdúgbò, ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú aṣọ kan náà, ọmọ-ọmọ á gbé fọ́tò ẹ̀ jó yíká ìlú. Èèyàn mẹ́rìnlá la fi sin ín, pẹ̀lú àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Pásítọ̀ dúró lókèèrè, ó kàdúrà bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Òkú àgbà, a sin ín bí òkú ọ̀fọ̀. Títí di òní àwọn ẹgbẹ́ bàbá kan ṣì ń wò wá bíi pé a fi bàbá wa pamọ́ jẹ owó ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàálù ò gbéra. Arúgbó àwọn ẹlòmíràn ló ń bọ́, tó ń wẹ̀, ó ní lọ́sẹ̀ kan àwọn mẹ́rin ló lọ lọ́wọ́ òun, ọmọ wọn ò lè wọlé wá, fèrèsé ni wọ́n ti ń juwọ́ sí wọn. Ó wá ń wo ìsìnkú bàbá tiẹ̀ lórí WhatsApp. Èmi ni mo di fóònù mú. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé pósí wọ inú kòtò gan-an ni nẹ́tíwọ̀kì já. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ṣé wọ́n ti gbé e wọlẹ̀?" Mo ní wọ́n ti gbé e. Ó ní ó dáa. Kò sọ nǹkan mìíràn.

Ká má rò pé àwa nìkan ni. Ní Bergamo nílẹ̀ Ítálì, sójà ló ń fi ọkọ̀ ológun kó pósí jáde nílùú torí ibi ìsìnkú ò gbà wọ́n mọ́. Mẹ́kà tó máa ń gba bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn tẹ́lẹ̀ lásìkò Hájì, ẹgbẹ̀rún kan péré tàbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà láyè lọ́dún yẹn, àwọn tó sì ti wà nílẹ̀ Saudi tẹ́lẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù Yúróòpù àti Òlíḿpíìkì, wọ́n gbé e sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ pé ìyá òun sọ fún òun nípa irú àrùn bẹ́ẹ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Èkó ní 1918, tó gba ojú ọ̀nà reluwé wọ àárín ilẹ̀ lọ, tó pa ènìyàn bí eṣinṣin. Àwa kàn ń gbọ́ ọ bí àlọ́ ni.

* * *

Ó dáa, ká padà sí ìbéèrè ará Adó, apá kejì ẹ̀, pé gbogbo ìyà ni wọ́n ń dì lé Kòrónà lórí. Níbi yìí, mo wà lẹ́yìn yín díẹ̀.

Àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ ẹ̀bi ẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ayé dúró lójú kan, kò sẹ́ni tó ń ra epo rọ̀bì. Ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2020, ní ọjà Amẹ́ríkà, owó àgbá kan já wálẹ̀ kọjá òdo, ó di dọ́là 37 sísàlẹ̀ òdo, ìyẹn ni pé ẹni tó ní epo ló ń sanwó kí wọ́n bá òun gbé e kúrò! Kí sì ni Nàìjíríà ń tà? Náírà tó wà ní 307 sí dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba bọ́ sí 360 nínú oṣù kẹta, ọrọ̀ ajé sì fà sẹ́yìn títí oṣù kẹsàn-án. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé oṣù kẹta yẹn náà ni wọ́n já owó epo bẹntiróò láti ₦145 sí ₦125. Epo rọ̀, ọ̀nà tì. Ibo ni ká gbé e lọ?

Èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ wá ńkọ́? Bọ́dà tí wọ́n tì pa tí ìrẹsì fi gbówó lórí, oṣù kẹjọ 2019 ni, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ orúkọ Kòrónà. Owó ìrànwọ́ epo tí wọ́n yọ, 2023 ni. Àwọn tó ń jí àgbẹ̀ gbé lóko, ṣé Kòrónà ló fún wọn níbọn? Àbúrò ìyá mi ní Ìkọ̀lé ní iṣu púpọ̀ lọ́dún Kòrónà, kò rí mọ́tò tó máa gbé e, èyí tó sì rí, ibi mẹ́fà ni wọ́n ti dá a dúró, ibi mẹ́fà ló ti "kí wọn", nígbà tó fi máa dọ́jà, owó iṣu ti di owó ọ̀nà. Àrùn ò gba rìbá o. Ènìyàn ló gbà á.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n ti ọjà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní owó oṣù, ẹ sọ pé ó yẹ. Lójú tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn, ó yẹ, torí a ò mọ ohun tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó ń jẹ lójoojúmọ́ lẹ ń pa. Oúnjẹ ìrànwọ́ tó dé òpópónà wa, dẹ́ríkà ìrẹsì méjì àti íńdómì márùn-ún, fún ilé tí ìdílé mẹ́ta ń gbé. Oṣù kẹwàá 2020, tí àwọn ọ̀dọ́ já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí láwọn ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi tí wọ́n bá oúnjẹ Kòrónà ní òkè ní òkè níbẹ̀, àwọn gómìnà ní wọn ò tíì pín in tán ni. Ẹ jẹ́ n pa ẹnu mi mọ́.

* * *

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, n ò ní pẹ́ níbẹ̀ torí mo ti rí i pé ẹ fẹ́ jà.

Mo gbà á, ó mú mi ní ibà ọjọ́ kan, mi ò di màgnẹ́ẹ̀tì, mi ò yàgàn. Èyí tó ń bí mi nínú kì í ṣe abẹ́rẹ́ náà, bí wọ́n ṣe pín in láyé ni. Ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 2020 ni ìyá arúgbó kan ti gbà á ní Bìrìtìkó, tiwa tó kọ́kọ́ dé, bíi mílíọ̀nù 4, di ọjọ́ 2 oṣù kẹta 2021. Íńdíà tó ń ṣe é fún wa, nígbà tí àrùn gbóná lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n dì í mú. Nígbà tí àwọn olówó wá ń fún wa ní tiwọn, èyí tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀ pé ni, a ò sì tètè rí i lò, oṣù kejìlá 2021 ni wọ́n lọ run ohun tó ju mílíọ̀nù kan ìwọ̀n lọ l'Ábújá.

Àsìkò yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi wá ṣe ìkẹyìn bàbá wa. Ó wá lópin oṣù kọkànlá, a pa màlúù, a jó, àwọn ẹgbẹ́ bàbá jẹun. Kó tó múra àtipadà, South Africa ti kéde Omicron, ẹ̀yà Kòrónà tuntun, Bìrìtìkó fi Nàìjíríà sínú ìwé pupa láti ọjọ́ 6 oṣù kejìlá. Wọ́n ní kó tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ wà ní òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́wàá, owó ẹ̀ £2,285, àpò ara ẹ̀ ló ti máa san án. Ó lò tó ọjọ́ márùn-ún nínú yàrá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ sí, ọjọ́ 15 ni wọ́n fagi lé ìwé pupa náà pé àrùn ọ̀hún ti wà lọ́dọ̀ wọn káàkiri tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní owó òtẹ́ẹ̀lì yẹn ju owó màlúù lọ.

* * *

Ará Adó tún bèèrè ọ̀rọ̀ ọmọ tí ò mọ̀wé. Àwọn ọmọ tó jókòó sílé nítorí ilé ìwé tó tì káàkiri ayé ju bílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ. WAEC 2020 sún di oṣù kẹjọ. Àwọn ti yunifásítì tiwa, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ wọn, tún wọ ìyanṣẹ́lódì sí i, oṣù mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin méjì wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, "ká má kàn jókòó lásán". Ọ̀kan padà síwèé. Èkejì ò padà mọ́, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ báyìí lọ́nà Adó, ó ń gba oníbàárà mi. Ẹ bá mi ṣírò ìyẹn náà sí ìdí Kòrónà.

* * *

Ẹ tún padà wá bi mí pé èmi fúnra mi ńkọ́, ṣé mo lè nawọ́ sókè. Mo ti ń yẹra fún un láti àárọ̀.

Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ lójúde wa. Oṣù kẹfà 2020, ó gbé áńkárá wá kí n fi rán ìró àti bùbá, ó ní àwọn máa ṣe ọjọ́ ẹgbẹ́ wọn bí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà. Mo ń wọn ejìká ẹ̀, ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní nǹkan kan ń ṣe òun, òun se ọbẹ̀ lánàá, òun ki orí bọ inú ìkòkò, òun ò gbóòórùn irú. Irú! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọṣẹ́ mi kan ní bóyá irú àdàlù ni wọ́n tà fún màmá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé e wọlẹ̀. Wọ́n ní ibà ni. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Kò sí nínú 3,155 yẹn.

Torí náà mi ò lè nawọ́ sókè níwájú bàbá fọganáísà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè ká a sílẹ̀. Áńkárá ẹ̀ wà nínú Ghana-must-go lábẹ́ tábìlì mi. Mo ti gé e, mi ò tíì rán an. Àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì wá bèèrè.